Ejò aláwọ̀ ewé orí igi máńgòrò: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kẹrin, nígbà tí máńgòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, ejò ṣán ọmọkùnrin ọmọ ọdún 13 kan lórí igi nínú àgbàlá bàbá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Àkànní ni n óò máa pe ọmọ náà nínú àkọsílẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ògiri kan ṣoṣo ni ó la ilé wọn àti ilé wa, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí sì ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé èmi ni wọ́n sáré wá pè. Èyí tí mo fi ojú ara mi rí ni mo kọ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, èyí tí kò ṣojú mi ni mo sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, àti lọ́wọ́ dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀.

Ejò náà kò ní oró. Síbẹ̀, ọmọ yìí sun oorun alẹ́ méjì ní ilé ìwòsàn, ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì kọ̀ láti ká fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àpá gbẹ́rẹ́ sì wà ní ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ títí di òní. Bí ohun tí kò lóró ṣe fa ìpalára tó bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, pẹ̀lú irú ẹ̀dá tí ejò náà jẹ́, nítorí mo ti rí i pé àwọn ará ilé wa tí wọ́n mọ ọká, tí wọ́n mọ paramọ́lẹ̀, tí wọ́n sì mọ sèbé bí ẹni mowó, kò mọ èyí tí ń gbé orí igi ní ẹ̀yìnkùlé wọn.

Igi máńgòrò náà ti dàgbà. Bàbá tí ó bí bàbá Àkànní ni ó gbìn ín, ẹ̀ka rẹ̀ sì ti bo ìdajì òrùlé páànù ilé náà. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni ọmọ náà gùn ún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú abọ́. Àkànní sọ fún mi pé òun na ọwọ́ ọ̀tún sáàárín ewé láti já èso méjì tí ó so pọ̀, òun sì di ohun kan tí òun rò pé ẹ̀ka tútù ni mú pọ̀ mọ́ èso náà. Ó ní ó tutù lọ́wọ́ òun, kò sì le bí igi ṣe ń le, kí òun sì tó ronú kàn án, ẹ̀ka náà ti yí orí padà, ó ti ṣán òun lẹ́ẹ̀mejì ní ẹ̀yìn ọwọ́. Ó jù ú nù. Ejò bọ́ sórí páànù, ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin méjì sì fi igi lù ú pa kí ó tó dé ìdí ògiri. Ọmọ náà kò já bọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó rọ́ wálẹ̀ lára igi, èèpo igi sì bó o láyà.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Àgbà, gé rọ́bà lára túùbù kẹ̀kẹ́, ó sì fi so ọwọ́ ọmọ náà pinpin lókè ọrùn ọwọ́, ó tún so òmíràn sókè ìgúnpá. Wọ́n fi abẹ tuntun sín gbẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ náà, lójú ibi tí ejò ti ṣán an gan-an. Mo kà á lẹ́yìn náà, ó jẹ́ 21. Wọ́n fi ẹ̀tù dúdú ra á, wọ́n sì fún un ní epo pupa mu kí ó lè bì. N kò lè tìtorí èyí bá wọn wí. Ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, paramọ́lẹ̀ ṣán àbúrò Bàbá Àgbà kan lóko, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì mọ́ bá a. Ẹni tí ó ti gbé òkú àbúrò rẹ̀ wálé láti oko kò ní dúró béèrè irú ejò tí ó ṣán ọmọ. Ẹ̀rù tí ó bà á kì í sì í ṣe ẹ̀rù òfìfo: àjọ elétò ìlera àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì ní ọdún 2017, wọ́n sì ṣírò pé láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú wọn.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Àkànní jókòó sórí àpótí, ó ń gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń dúdú bọ̀ láti orí ìka. Ìyá rẹ̀ di mí lápá mú.

“Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ejò yẹn. Ṣé olóró ni?”

Mo wò ó níbi tí ó nà gbọọrọ sí lórí yẹ̀pẹ̀. Ọkàn mi sọ fún mi pé kì í ṣe olóró, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ jáde, inú mi sì dùn títí di òní pé n kò sọ ọ́ jáde. Ejò tí ó ní àwọ̀ ewé tí ó sì ń gbé orí igi kì í ṣe ẹyọ kan ní ilẹ̀ wa. Àwọn kan wà nínú wọn tí wọn kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá ń wo ejò tí wọ́n ti lù ní ìlùkulù, tí ọmọ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ènìyàn mẹ́wàá sì ń pariwo lé e lórí, kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n jókòó sílé.

“Ìyá Àkànní, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù,” ni mo wí. “Ọ̀rọ̀ irú ejò tó jẹ́, ó ṣì ń bọ̀ wá kàn.”

Mo bẹ Bàbá Àgbà pé kí a dẹ rọ́bà náà díẹ̀. Ó ní rárá, pé tí a bá tú u, oró yóò sáré lọ bá ọkàn. Nígbà tí mo rò ó wò, n kò bá a jà sí i, nítorí pé bí ejò náà bá jẹ́ olóró ní tòótọ́, tí a sì já okùn tí a ti so pinpin lójijì láìsí dókítà nítòsí, oró tí ó ti kó jọ sábẹ́ rẹ̀ lè ya wọ ara lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé a so ó rárá. Bí a bá ti so ó tán, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní irinṣẹ́ lọ́wọ́ ni ó yẹ kí a ti tú u. A fi igi rọra gbé òkú ejò náà sínú ike ọ̀dà, a dé e, nítorí pé orí ejò tí ó ti kú ṣì lè gé ènìyàn jẹ fún ìgbà díẹ̀, a sì wọ ọkọ̀ aládùúgbò kan. Ilé ìwòsàn kékeré tí a kọ́kọ́ yà sí kò ní oògùn ejò, wọ́n ní kí a máa lọ sí Ìlọrin. Ó ti ń lọ sí aago 6:30 kí a tó dé ibẹ̀. Ìyẹn ni pé rọ́bà náà ti wà lọ́wọ́ ọmọ fún nǹkan bí wákàtí méjì.

Dókítà tí ó gbà wá jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá ni ojú ibi tí eyín wọlé. Ó fọ ẹ̀tù náà kúrò, ó tan iná sí i, ó yí ọwọ́ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò rí nǹkan kan àyàfi gbẹ́rẹ́. Ó wò wá lójú, ó ní, “Ẹ má bínú o, àwọn ibi tí mo fẹ́ wò gan-an ni abẹ ti gé.” Òtítọ́ ni. Ejò tí kò lóró sábà máa ń fi ìlà ojú eyín wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ẹ̀gún họ ara, olóró sì sábà máa ń fi ihò kan tàbí méjì sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí tí ènìyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni, àwa sì ti fi ọwọ́ ara wa pa á rẹ́.

Ó wá ṣe àyẹ̀wò kan tí ó wú mi lórí nítorí bí kò ṣe ní ìnáwó kankan nínú. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá kejì, ó dà á sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ, ó gbé e jókòó sórí tábìlì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún 20 ìṣẹ́jú. Bí oró tí ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ bá wà nínú ara, ẹ̀jẹ̀ inú ìgò náà kò ní dì. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ nídìí, yóò ṣàn jáde bí omi. Mo dúró tì í, mo ń wo aago. Nígbà tí àkókò pé, ó rọra dojú ìgò náà dé, ẹ̀jẹ̀ sì jókòó sí ìdí rẹ̀ gbagidi bí ẹ̀kọ tí ó ti dì láti àná. Ìyá ọmọ náà kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, ojú mi ni ó ń wò. Nígbà tí mo mí kanlẹ̀ ni òun náà tó jókòó.

Wọ́n tún àyẹ̀wò yìí ṣe lóru, wọ́n tún un ṣe ní àárọ̀. Dókítà ń wo ìpéǹpéjú rẹ̀ lóòrèkóòrè bóyá ó ń wálẹ̀, nítorí bí oró mámbà, ejò orí igi kan tí ń pa ènìyàn, ti í ṣe nìyẹn, ó sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Kò sí èyí tí ó yí padà. Kò fún un ní oògùn ejò, ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún bàbá ọmọ náà nígbà tí ó fẹ́ bínú pé owó ni wọ́n ń wò. Oògùn tí ó wà ní ọwọ́ wọn, EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica fún lílò ní ilẹ̀ wa, oríṣi ejò mẹ́ta ni ó wà fún: paramọ́lẹ̀ méjì, Echis ocellatus àti Bitis arietans, àti sèbé tí ń tutọ́ síni lójú, Naja nigricollis. Kò sí ejò orí igi kankan nínú wọn. Bí a bá fún ọmọ náà, kò ní ṣe é ní oore, ó sì lè ta ko ara rẹ̀ lọ́nà tí ó léwu. Ohun tí ó tọ́jú gan-an ni ọwọ́. Wọ́n dẹ rọ́bà díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ náà sì wú bí búrẹ́dì tí ó wà nínú ààrò. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n fọ ojú gbẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú rẹ̀ ti ń ṣe ọyún ní ọjọ́ Ajé tí wọ́n dá a sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọkàn gbogbo wa ti balẹ̀ díẹ̀, mo padà sílé, mo gbé ejò náà sórí tábìlì lábẹ́ fèrèsé, mo mú téèpù àti awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Láti orí dé ìrù, ó jẹ́ 98 cm, ìrù nìkan sì kó 33 cm nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ kò nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ níbi tí ó ti tóbi jù. Iwájú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, àbàwọ́n dúdú kéékèèké sì tò lé e ní ìbú láti ọrùn lọ. Bí ó ṣe ń súnmọ́ ìrù, àbàwọ́n náà ń parẹ́, àwọ̀ ewé náà sì ń di ti bàbà tí ó ti lò pẹ́. Igi fọ́ ẹ̀yìn orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àti ojú kò bàjẹ́. Ojú náà tóbi ju bí ènìyàn ṣe lè rò fún orí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ rí róbótó, òrùka àwọ̀ wúrà sì yí i ká.

Mo fi igi ìfọyín la ẹnu rẹ̀. Eyín rẹ̀ wà, wọ́n wẹ́ bí ọ̀wọ́ irun, wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn, gbogbo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. N kò rí eyín oró níwájú, mo wá a lẹ́yìn lábẹ́ ojú, n kò rí i níbẹ̀ náà. Ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dán, mo sì ka ìlà rẹ̀ yí ara ká ní àárín: 15. Ìpẹ́ fẹ̀ǹtẹ̀ abẹ́ ikùn rẹ̀ ni ó fún mi ní ìdùnnú jù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì ní igun tí ó mú bí etí àpótí. Mo fi èékánná wọ́ ọ láti ìrù sí orí, ó ń kọ́ mi léèékánná. Igun yẹn ni ejò náà fi ń gun igi tí kò ní ẹ̀ka, tí ó sì fi ń gun ògiri tí a kò rẹ́ dáadáa.

Gbogbo àmì wọ̀nyí papọ̀ tọ́ka sí ejò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Philothamnus semivariegatus. Andrew Smith, dókítà ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó ṣiṣẹ́ ní gúúsù Áfíríkà, ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1840. Ìtumọ̀ apá kìíní orúkọ náà ní èdè Gíríìkì ni ẹni tí ó fẹ́ràn igbó. Oríṣi ìbátan bí 20 ni ó ní, Áfíríkà nìkan ni gbogbo wọn sì wà. Ọ̀kan nínú wọn, Philothamnus irregularis, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1819 láti ara èyí tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Fanti, ní Gánà òde òní. Etí omi ni ìyẹn fẹ́ràn, ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré ni ó sì ń jẹ jù. Èyí tiwa yìí fẹ́ràn ibi gbígbẹ, alángbá, ọmọ́ńlé àti ọ̀gà ni ó sì ń jẹ.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí n ṣì í mú? Ohun tí mo fi gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú náà wò nìyẹn. Mámbà aláwọ̀ ewé ti ilẹ̀ igbó, Dendroaspis jamesoni, gùn jù ú lọ dáadáa, ó lè kọjá mítà méjì. Orí rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ kò sì tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àmì kan wà tí ènìyàn lè fi awò rí: láàárín ìpẹ́ tí ihò imú wà lára rẹ̀ àti àwọn ìpẹ́ tí ó ṣaájú ojú, Philothamnus ní ìpẹ́ kékeré kan tí ó dá dúró, mámbà àti sèbé kò sì ní i. Èyí tí ó wà lórí tábìlì mi ní i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Èkejì ni ejò orí igi olóró tí wọ́n ń pè ní boomslang, Dispholidus typus, òun gan-an ni n kò fi lè sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Òun náà lójú ńlá, òun náà tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ nínú akọ rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n ìpẹ́ ẹ̀yìn tirẹ̀ kò dán: ìlà kan yọ gọ̀ngọ̀ láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà ìpẹ́ yí ara ká sì sábà máa ń jẹ́ 19. Eyín oró rẹ̀ wà lẹ́yìn, lábẹ́ ojú. Oró náà kì í tètè fi ara hàn, ọ̀pọ̀ wákàtí lè kọjá kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957, Karl Schmidt, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ejò tí ó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, di ọ̀dọ́ boomslang kan mú ní Chicago kí ó lè sọ irú ejò tí ó jẹ́. Ó ṣán an ní àtàǹpàkò. Ó rò pé kò lè pọ̀ tó láti pa òun, ó padà sílé, ó ń kọ bí ó ṣe ń ṣe é sílẹ̀ wákàtí dé wákàtí, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Bí ẹni tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ejò bá lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, èmi tíṣà Àjàṣẹ́-Ìpo kò ní fi ọwọ́ lásán di ejò aláwọ̀ ewé kankan mú, n kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó ṣe é.

Lẹ́yìn èyí mo la ikùn rẹ̀. Ọmọ́ńlé kan wà nínú rẹ̀ tí orí rẹ̀ ti ń yọ́ tán ṣùgbọ́n tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì pé, èyí tí ó fi hàn pé láti orí ni ejò ti gbé e mì. Lẹ́yìn ọmọ́ńlé náà, mo rí ẹyin mẹ́fà tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, funfun, rírọ̀, gígùn bí dàbínù. Abo ni. Ó dùn mí, n kò fi pa mọ́. Láàárín 3 sí 12 ni irú ejò yìí ń yé, inú ihò igi tàbí abẹ́ ewé tí ó ti ń jẹrà ni ó ń kó o sí, kì í sì í dúró tì í.

Mo wá ronú sí ìdí tí ó fi wà ní àgbàlá wọn rárá, nítorí pé ohun tí Bàbá Àgbà ń bi mí ṣáá ni pé ta ni ó rán an. Iná ìta ilé náà ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru nígbàkigbà tí iná bá wà. Kòkòrò ń wá síbi iná, ọmọ́ńlé ń wá síbi kòkòrò. Mo ka 14 lára ògiri kan ṣoṣo ní alẹ́ kan. Ọ̀sán ni ejò yìí ń rìn ní tirẹ̀, ó sì ń lọ wá ọmọ́ńlé náà jáde nínú pàlàpálá ògiri àti abẹ́ páànù níbi tí wọ́n ti ń sùn. Ẹ̀ka máńgòrò tí ó sùn lé òrùlé ni afárá rẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà, òmíràn dé. Èmi àti Bàbá Àgbà jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wọn ní nǹkan bí aago 10 àárọ̀ nígbà tí ọmọ kan fi ìka tọ́ka sí ẹ̀ka náà. Bàbá Àgbà ti dìde mú àdá. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀.” Ó ní a kì í fi ejò sórí òrùlé sùn. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojúmọ́ ni, kò tíì sí ẹni tí yóò sùn. Ó dúró, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

A jìnnà sí i tó ìṣísẹ̀ mẹ́jọ. Atẹ́gùn fẹ́, ewé mì, ejò náà sì gbé ọrùn sókè, ó ń mì tì bí ẹ̀ka àárín ewé. Nígbà tí atẹ́gùn dáwọ́ dúró, òun náà dáwọ́ dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀ sára ògiri láti abẹ́ páànù, orí ló kọ́kọ́ yọ, igun ikùn rẹ̀ sì ń wá ibi tí sìmẹ́ǹtì ti hán. Ọmọ́ńlé kan sá jáde nínú pàlàpálá. N kò rí ìgbà tí ejò náà na orí. Ohun tí mo rí ni pé ọmọ́ńlé ti wà ní ẹnu rẹ̀ ní ìbú, ìrù rẹ̀ já, ó bọ́ sílẹ̀ níwájú wa, ó sì ń jó lórí sìmẹ́ǹtì bí ohun abẹ̀mí. Ejò náà kò wé mọ́ ẹran rẹ̀ bí òjòlá ti í ṣe. Ó kàn ń fi ẹnu rìn lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé orí, ó sì gbé e mì láàyè. Nígbà tí ọmọ náà súnmọ́ ọn jù, ó fẹ ọrùn, ìpẹ́ rẹ̀ là sí ara wọn, àwọ̀ búlúù tí ó mọ́ bí ojú ọ̀run sì yọ láàárín wọn. Ohun tí ó ní láti fi dẹ́rù bani kò ju ìyẹn lọ.

Bàbá Àgbà wo ìrù ọmọ́ńlé náà títí ó fi dákẹ́. Ó bi mí pé ṣé ọmọ́ńlé nìkan ni ó ń jẹ, kì í jẹ òròmọdìẹ? Mo ní ẹnu rẹ̀ kò gba òròmọdìẹ. Ó fi àdá ti ògiri. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí àwọn ọmọ gé ẹ̀ka tí ó sùn lé páànù, n kò sì ta kò ó, nítorí ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Igi náà ṣì tó fún ejò àti fún máńgòrò.

Ejò ti oṣù Kẹrin ṣì wà lọ́dọ̀ mi nínú ìgò sípírítì. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọ̀ ewé rẹ̀ fi lọ, tí ó di búlúù, nítorí pé àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ búlúù ni ó pàdé lára rẹ̀ tí ojú wa fi ń rí àwọ̀ ewé, sípírítì sì ti fọ ìyeyè náà kúrò. Àkànní ni ó béèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí ó wá wò ó. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà nígbà yẹn, ìka rẹ̀ méjì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká dáadáa. Mo fún un ní bírò àti ègé páálí kan, ó jókòó, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò náà bí ó ṣe kọ ọ́: Philothamnus semivariegatus, abo, 98 cm, igi máńgòrò ilé wa, Àjàṣẹ́-Ìpo.